Àtẹ́wọ́ Ìyá Jẹ́lé

Ẹni tó bá pe iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní iṣẹ́ ìrọ̀rùn, kó lọ jókòó ti ogójì ọmọ ọdún mẹ́ta ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ilé ló ń sinmi o, tíṣà kì í sinmi. Ìyá Jẹ́lé mọ èyí ju gbogbo wa lọ, nítorí láti ìgbà tó ti wà ní omidan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé-ìwé Àgùdà àdúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà, kì í bá wọn ké. Yóò kàn pàtẹ́wọ́, pá-pà-pá, yóò fi ìka lé ètè. Wéré, gbogbo wọn á ká apá mọ́ àyà, ẹnu á pa dé.

Kò bímọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun náà kì í fi pamọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti gbàdúrà títí ó fi sú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ ìyá lágbájá, ìyá tàmẹ̀dò, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Òun, kíláàsì ni wọ́n fi ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Káfíńtà ló kan àwọn àga kékeré tí àwọn ọmọ ń jókòó lé. Ó máa ń sọ pé òun ni Bàbá Jẹ́lé, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà jẹ́ Sísítà àgbàlagbà kan tí kì í wọ kíláàsì ẹnikẹ́ni láìkanlẹ̀kùn. Ó ní inú kíláàsì, tíṣà ni onílé. Àṣà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó dun Ìyá Jẹ́lé sí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ọmọ da kíláàsì rú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí Sísítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń wò ó. Kò wọlé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, èyí wà lọ́jà, ó ń wo orí ọmọ. Ìyá Jẹ́lé fọwọ́ wọ́nú, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Nígbà tó yá, orúnkún Sísítà kò gbé e mọ́, àwọn aṣáájú rẹ̀ sì ní kó máa bọ̀ nílé àwọn Sísítà kó wá sinmi. Kò sí Sísítà mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ilé-ìwé tí kò bá ní ọ̀gá tó kàwé fún iṣẹ́ ọ̀gá, títì ni wọn yóò tì í. Sísítà pe Ìyá Jẹ́lé sí ọ́fíìsì.

"Ìwọ ni mo fa kalẹ̀," ló wí. "Yunifásítì àwọn Fadá ń kọ́ àwọn tí yóò darí ilé-ìwé Àgùdà. Oyè kejì ni. Ọdún méjì péré, màá fara dà á dè ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló máa mójú tó àwọn ọmọ mi?"

"A óò wá tíṣà."

"Tí mo bá wá parí ńkọ́? Ṣé mo máa padà sọ́dọ̀ wọn?"

Sísítà kọ́kọ́ wojú ilẹ̀. "Ọ̀gá ilé-ìwé kì í ní kíláàsì, ọmọ mi."

Ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. "Tó ò bá lọ, wọ́n á tilé-ìwé, kíláàsì lọ. Tó o bá lọ, ilé-ìwé á dúró, ṣùgbọ́n kíláàsì náà lọ. Èwo lo fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ ìkankan."

"Ìyẹn ò sí nílẹ̀," ni káfíńtà wí. Kò bá a jiyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ wá pákó, ó kan àpótí ìwé fún un.

Ní yunifásítì, àwọn igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn Fadá àti Brọ́dà onírùngbọ̀n kan ló bá jókòó. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń yan tíṣà, bí a ṣe ń bá òbí tó ń bínú sọ̀rọ̀, bí ọ̀gá ṣe ń mú àdúrà ṣáájú ìpàdé tí kò fi ní di ìwàásù. Ó ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti di àsìkò tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń jẹun, ọkàn rẹ̀ á kúrò nínú ìwé. Bó bá rí okùn bàtà tó tú lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ Fadá, ọwọ́ á máa yún un láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó so ó.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ṣe bí ẹni ń ṣèpàdé òbí, kí Ìyá Jẹ́lé jẹ́ alága. Ọ̀rọ̀ aṣọ ilé-ìwé dá ìjà sílẹ̀. Brọ́dà onírùngbọ̀n ń ké, àwọn yòókù ń dá a lóhùn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ti alága mọ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti pàtẹ́wọ́, pá-pà-pá, ìka ti débi ètè. Ẹ̀yin ará, gbogbo àgbàlagbà wọ̀nyẹn ká apá mọ́ àyà. Brọ́dà pa ẹnu dé, irùngbọ̀n rẹ̀ dúró ṣinṣin lórí apá tó ká. Nígbà tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ti wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí tí ọkọ rẹ̀ kàn, ó sì sunkún. Àárò àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́, àárò ariwo wọn, àárò ọwọ́ kékeré tó máa ń fà á láṣọ. Ohun tó dùn ún jù ni pé bó ṣe ń ṣe dáadáa sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí wọn sí i.

Ó gboyè. Ó padà dé, Sísítà fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì lọ sinmi. Ní ẹnu géètì, gbogbo ènìyàn ló ń kí i ní "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Jẹ́lé mọ́ àfi káfíńtà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ní tíṣà tuntun, omidan kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní kíláàsì náà nígbà tó wà lọ́mọdé.

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ ní jẹ́lé láàárọ̀ kan. Ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ojú fèrèsé. Ọmọ kan dúró lórí àga, òmíràn ń ké pe ìyá rẹ̀, méjì ń ja ìjà bàtà. Tíṣà dúró láàárín wọn, ohùn rẹ̀ ti há, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ọ̀gá.

Ọwọ́ Ìyá Jẹ́lé ti gbéra. Bó bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́kẹ́ á pa. Ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ yóò máa wò bí tíṣà wọn bá ń sọ̀rọ̀.

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Àwọn ọwọ́ náà kò gbà, wọ́n fẹ́ jáde, ló bá fi ọ̀kan di èkejì mú gírígírí. Ibẹ̀ ló ti rántí Sísítà ní ojú fèrèsé yìí kan náà. Àṣé obìnrin yẹn kò káwọ́ lásán. Ńṣe ló ń fi ọwọ́ kan di èkejì mú.

Nínú kíláàsì, omidan náà nu ojú. Ó gbé ọwọ́ sókè. Pá. Kò dún dáadáa. Ó tún un pa, pá-pà-pá, ó sì fi ìka lé ètè. Ọmọ orí àga sọ̀ kalẹ̀. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, àga kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi pa rọ́rọ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, apá Ìyá Jẹ́lé náà ti ká mọ́ àyà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ó dákẹ́, ó ń retí ohun tí tíṣà yóò sọ.