Ẹni Tí Mo Pè Láti Òdìkejì Títì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọn kì í kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ nílé tiwa. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ la fi ń ka ọdún. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ọdún wo ni ọ̀rọ̀ yìí, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé apá ọ̀tún ni mọ́tò ti ń gbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Rárá o. Òsì ni wọ́n ń gbà. Mo ti gbọ́njú nígbà náà. Mo ti ń bá ìyá mi lọ ra gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, èmi ni mo sì ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Tíṣà kan ń gbé ilé kejì sí tiwa. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ẹ ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú títì, pà, pà, pà. Ṣòkòtò péńpé ló máa ń wọ̀, àti bàtà kánfáàsì tó fi ẹfun kùn títí tó fi funfun bí ẹyin. Á sáré lọ sí ọ̀nà Imùsìn, á sáré padà, á wẹ̀, kí ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ sì tó dé, òun ti wà ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sẹ́ni tó ń sanwó eré náà fún un. Bí wọ́n bá ń sá eré ìje ní pápá, á bọ́ sáàárín àwọn ọ̀dọ́ tí kò tó ọjọ́ orí rẹ̀. Mi ò rí i kó ṣe ipò kìíní rí. Ìgbà kan ló ṣe ìkẹta, wọ́n fún un ní táwẹ́lì, ó sì fi táwẹ́lì náà kọ́rùn lọ sí ilé-ìwé odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àgbà kan tó ń din àkàrà lórí ọ̀nà máa ń pariwo pé, "Tíṣà, ta ló ń lé yín?"

Á dá a lóhùn láì dúró, "Ogbó ni, màmá! Ẹ̀yin dúró dè é, èmi ò dúró!"

Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n eré yẹn kì í ṣe eré lásán. Ọmọ tó bá pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ méjì, ilé rẹ̀ ni Tíṣà máa gbà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, á ní, "Ọmọ yín dà?" Ó ti sáré dé Ayépé rí nítorí ọmọ kan tí wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Òógùn bò ó nígbà tó débẹ̀, wọ́n rò pé ó wá túfọ̀ òkú fún wọn ni.

Bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa náà nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá mi wò ó. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi ò sí nínú ìwé yín. Báwo ló ṣe wá pa ilé-ìwé jẹ?"

Tíṣà ní, "Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn, Àlàájì."

Bàbá mi ní kéú tí mò ń ké ti tó obìnrin, àti pé ìyá mi ò lè dá gàrí tà. Tíṣà dúpẹ́, ó sáré lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọdún kan gbáko. Èmi á fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, etí mi á wà lọ́dọ̀ wọn, torí mo fẹ́ ilé-ìwé yẹn ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún dé, òun ló kọ́ gbogbo àdúgbò. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya títì sílẹ̀ níwájú ilé wa, ó kó agolo gàrí mi, ó ń fi wọ́n ṣe mọ́tò. "Tẹ́lẹ̀, ọ̀tún lẹ máa ń kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọdá. Ní báyìí, òsì ni!" Ó so òwú pupa mọ́ ọwọ́ òsì gbogbo wa, àtọmọ àtàgbà, pé kí a máa rántí. Ó so ó mọ́ ti ìyá alákàrà pàápàá. Ta ni kò so ó mọ́ lọ́wọ́? Ara rẹ̀ nìkan.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí mọ́tò bọ́ sí apá ọ̀tún, bàbá mi kírun àsùbáà tán, ó jókòó sórí búùzù rẹ̀, ó pè mí. Ó ní, "Lọ sọ fún Tíṣà pé mo ti gbà. Kó máa mú ọ lọ."

Mi ò dúró wọ bàtà. Bí mo ṣe dé etí títì, Tíṣà ti sáré kọjá lódìkejì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò. Mo fi gbogbo ohùn mi pè é. "Tíṣà! Tíṣà! Bàbá ti gbà o!"

Ó yíjú padà. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ṣe ipò kìíní. Ó wo ọ̀tún, bí gbogbo wa ṣe ń wò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ sójú títì. Òsì ni agbégilódò ti yọ, láti kọ́nà.

Mi ò ní í ròyìn ìyókù. Kò sẹ́ni tó wà lójú ọ̀nà ju èmi àti dẹ́rẹ́bà. Nígbà tí èrò fi máa pé, mo ti sá wọlé. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Bàbá mi bi mí pé ṣé mo jíṣẹ́ fún un kó tó ṣẹlẹ̀. Mo ní mi ò bá a.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó wá sílé wa pẹ̀lú igi méjì lábẹ́ abíyá àti síléètì tuntun. Mo sá sẹ́yìn àmù. Ìyá mi wá mi títí. Ó padà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sá. Ìgbà kẹta, ó fi síléètì náà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló gbé e lọ sílé-ìwé. Òun ló di nọ́ọ̀sì.

Àdúgbò ò jẹ́ kó sinmi. Tíṣà Òsì-Lọ̀tún ni àwọn ọmọ ń pè é, torí wọ́n ní ẹni tó kọ́ gbogbo ayé ni kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí gàrí, mi ò ríbi sá sí. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n fún un, oníbàárà mìíràn bi í lójú mi pé, "Tíṣà, kí ló tilẹ̀ mú yín kó sí títì lọ́jọ́ yẹn?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gàrí tí mo ti wọ̀n tán. Tíṣà wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó wá ní, "Mo gbàgbé ni."

Ó gba gàrí rẹ̀, ó lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú.

Ó kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní pápá, òun ló ń dúró nídìí okùn ìparí pẹ̀lú aago lọ́wọ́, tó ń pariwo mọ́ ọmọ tó bá ṣe ìkẹyìn pé kó má dúró. Ní gbogbo Sátidé, á fọ bàtà kánfáàsì rẹ̀, á fi ẹfun kùn ún, á sá a sórí ògiri. Bàtà méjèèjì ni o. Tọ̀tún tòsì. Mo sì ń rí wọn láti ẹnu ọ̀nà wa. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé Sátidé tó ń bọ̀, màá lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi lọ sílé ọkọ, títí mo fi bímọ. Sátidé kan tí mo wá kí ìyá mi, kò sí bàtà lórí ògiri.

Ayé ti yí. Àwọn ọ̀dọ́ ń sáré láàárọ̀ báyìí, wọ́n ki nǹkan bọ etí, ẹ ò tilẹ̀ lè pè wọ́n kí wọ́n gbọ́. Kò sí tíṣà tó ń sáré wá ọmọ ọlọ́mọ kiri mọ́. Ọmọ lè má wá fún sáà kan, kò sẹ́ni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí mo bí, ẹ ti mọ̀ pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín pe èèyàn láti òdìkejì títì. Mo nà yín nítorí rẹ̀. Ẹ rò pé èèwọ̀ ilé bàbá mi ni. Ìgbà tí àbíkẹ́yìn yín jáde ilé-ìwé ni mo kó yín jọ, mo sì sọ fún yín pé èmi ni mo pè é. Ẹnì kan nínú yín bi mí pé ṣé Tíṣà mọ̀ pé mò ń sá fún òun ni. Mo ní ó mọ̀. Mo wá sọ ohun kan fún yín, òun náà ni mo ń sọ fún ọmọ yín tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ fẹ́ràn lódìkejì, ẹ panu mọ́. Ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ̀yin rìn lọ bá a. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ ò ní í tutù kí ẹ tó débẹ̀.