Ta Ló Ń Rẹ́rìn-ín?

Mò ń mọ dòdò Ìkirè tí mo fẹ́ tà nígbà tí ọmọbìnrin wa ń sọ bí olùkọ́ wọn ṣe jókòó lé dòdò. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi dúró.

Awakọ̀ ni bàbá wọn. Nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà, iṣẹ́ dúró, wọ́n sì ń mu ògógóró láti àárọ̀. Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á fa kòbókò yọ: “Ta ló ń rẹ́rìn-ín?” Ọmọ yìí fẹsẹ̀ rìn sá lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Àpòmù. Nígbà tí bàbá wọn wá a lọ síbẹ̀, bí ọmọ ṣe rí wọn, ó tọ̀ sára. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fẹnu kan ọtí mọ́.

Bó ṣe rẹ́rìn-ín yìí, ohùn bàbá wọn jáde láti yàrá: “Ta ló ń rẹ́rìn-ín?”

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu.

“Ìyá wọn, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Mi ò gbọ́ nǹkan tí olùkọ́ jókòó lé.”