Bílẹ́ńdà Inú Ìkòkò Aró

Ìgbà tí èmi náà ṣì kéré, ọlọ ni a fi ń lọ gbogbo ohun tí a ó jẹ nílé wa ní Ìgbẹ̀ìn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wí i nínú pé màmá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Ìwọ tí o ra bílẹ́ńdà wá fún mi lánàá, tí o ń retí kí n máa súre, jókòó síbí. Mi ò kọ ẹ̀bùn rẹ. Ṣùgbọ́n ta ní kọ́ ọ ní ọjà rírà? Ike ni ẹsẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bí mo bá tì í bọ inú ọbẹ̀ tó ń hó, ṣé ike kọ́ ni a ó jẹ mọ́ ọbẹ̀? Irú èyí tí a ń fọwọ́ mú, tí a ń tì bọ inú ìkòkò, ẹsẹ̀ irin ni a ń wá kí a tó sanwó. Mi ò kà á nínú ìwé. Obìnrin kan ló kọ́ mi, obìnrin tí mo ba ayé rẹ̀ jẹ́. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí pé nígbà tí mo tan nǹkan yẹn láàárọ̀, tó ké vùùù, oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi mọ́.

Aláró ni ìyá mi. Ìkòkò aró kún ẹ̀yìn ilé wa, ọwọ́ ìyá mi sì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Láyé àwọn ìyá tirẹ̀, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n ń lò. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, aró òyìnbó ti dé, ó sì mú kọ́sítíìkì sódà dání. Funfun ni. Bó bá ti wọ omi, omi náà á gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná nídìí rẹ̀. Bó bá ta sí èèyàn lára, ara á bó. Agolo kan tó ti dípẹtà wà tí a fi ń bu omi sódà yìí, abẹ́ igi ọsàn ló ń gbé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn bù ú. Òfin ni. Àràárọ̀ ni ìyá mi ń wí i.

Àǹtí ni a ń pe ìyàwó kejì tí bàbá mi fẹ́. Ọmọ Ọ̀fàdà ni. Kó tó wọlé wa, ó ti se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó kan lọ́nà Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ṣe sìmẹ́ńtì. Kò tíì bímọ. Bí ìyàwó ilé ti ń ṣe láyé ìgbà náà, kì í pe àwa ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Eyínfúnjowó ló ń pè mí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló ń pè ní Ìbàdíàrán. Ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má purọ́, èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí rárá.

Lọ́jọ́ kan lásìkò ọyẹ́, ìyá mi ní kí n bu omi sódà sí ìdí ìkòkò, pé òun fẹ́ kírun, òun ń bọ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí níta, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ten-ten. Mo wo abẹ́ igi ọsàn, mi ò rí agolo. Ẹni tó bá wá a dáadáa á rí i. Èmi ò wá a. Mo mú kọ́ọ̀bù tánganran tó wà lórí àmù, kọ́ọ̀bù tí gbogbo ilé fi ń mu omi, mo fi bu omi sódà, mo gbé e kalẹ̀ nídìí ìkòkò, mo sì sáré jáde. Ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ èṣù ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí ni.

Igbe ni mo gbọ́. Nígbà tí mo fi máa dé, àbúrò mi ń fọwọ́ ha ẹnu, Àǹtí ti gbé e mọ́ra, ó ń da omi sí i létè. Kọ́ọ̀bù ti dojú dé nílẹ̀. Ìyá mi já wọ ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìborùn ìrun lórí. Ó wo kọ́ọ̀bù, ó wo Àǹtí. Kò wò mí, kò gbà pé ọmọ òun lè fi ohun mìíràn yàtọ̀ sí agolo bu omi sódà. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ọmọ náà ò kú lọ́jọ́ yẹn. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún wa, ọ̀fun rẹ̀ ti fún bí ihò abẹ́rẹ́. Dókítà sọ fún bàbá mi pé àwọn á máa la ọ̀nà ọ̀fun náà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ lókun ná. Kó tó lókun, ó gbọ́dọ̀ jẹun, ohunkóhun tó bá sì máa jẹ gbọ́dọ̀ kúnná, kó máa ṣàn bí ògì. Ohun kékeré tó bá há sí i lọ́fun lè pa á.

Ìyá mi bá kúnlẹ̀ ti ọlọ. Ó lọ ẹ̀wà, ó lọ ẹja, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ó tún lọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ títí apá fi ń gbọ̀n. Ọlọ ò lè kúnná tó bí ọ̀fun yẹn ṣe ń fẹ́. Bí èèpo ẹ̀wà kan péré bá ti yọ́ wọlé, ọmọ á ranjú, gbogbo wa á máa gbá a lẹ́yìn. Ògì nìkan ló ń lọ tààrà, ògì nìkan ò sì lè gbé ọmọ ró. Ó rù títí a fi ń ka eegun ìhà rẹ̀.

Àǹtí ló sọ pé ẹ̀rọ kan wà níbi tí òun ti dáná rí. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó ta ìró àrán tí wọ́n fi gbé e níyàwó, ó sì mú mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọjà òkè òkun ní Ìtòkú. Ọlọ́jà gbé bílẹ́ńdà ńlá onígò jáde, ó ń dán, ó sì wọ̀ mí lójú. Orí ni Àǹtí mì.

"Ti ẹni tó lérò nílé nìyẹn," ó ní. "Oúnjẹ ọmọ kékeré ò ní kan abẹ rẹ̀ rárá, ara ìgò ni gbogbo ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú yẹn ni kí ẹ bá mi gbé."

Méjì ló wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ike àti ẹlẹ́sẹ̀ irin. Ó yẹ abẹ àwọn méjèèjì wò. Ó fi èékánná ta ẹsẹ̀ wọn. Ó bèèrè bóyá ẹsẹ̀ yẹn ṣe é yọ fọ̀. Ó ní kí ọlọ́jà tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé etí sún mọ́ wọn. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni ti ike ní, ti irin ní ẹyọ kan. Mo tọ́ka sí oníbọ́tìnnì mẹ́ta.

"Eyínfúnjowó, bọ́tìnnì kọ́ ló ń lọ oúnjẹ," ó ní, ó sì gbé ti irin.

Èmi ló kọ́ bí a ti ń lò ó. Ó ní kí ọwọ́ mi máa gbẹ. Ó ní kí n ti orí rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ oúnjẹ kí n tó tẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ á ta sí mi lójú. Kí n máà gbé e sókè nígbà tó bá ń yí. Kí n máa ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n, kí n wá jẹ́ kó sinmi, nítorí bó bá gbóná jù á jó. Kí n yọ ọ́ kúrò lára iná kí ọwọ́ mi tó sún mọ́ abẹ. Bí iná mànàmáná bá lọ, a máa ń dúró dè é. Bó bá sì dé lójijì, ibi yòówù kí Àǹtí wà, eré ló máa sá wá.

Ó po ìrẹsì Ọ̀fàdà tó ti jinná mọ́ ẹja àti omi ọbẹ̀, ó lọ ọ́ títí ó fi ń ṣàn lórí ṣíbí. Àbúrò mi gbé e mì. Ó tún la ẹnu. Áà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára wa pé ọmọ yẹn la ẹnu fún ṣíbí kejì! Kò pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bó bá ti gbọ́ vùùù ẹ̀rọ náà, á máa pàtẹ́wọ́. Dókítà ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tí òjò bá dá, àwọn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló wá da gbogbo ẹ̀ rú. Ó wá kí wa, ó rí ẹ̀rọ, ó bèèrè ẹni tó rà á, ó sì pòṣé.

"Ẹni tó dá egbò ló mọ ewé tó máa fi wẹ̀ ẹ́," ó ní.

Ìyá mi, tó ti ń fojú burúkú wo Àǹtí láti ọjọ́ kọ́ọ̀bù, gbà á gbọ́ lọ́wọ́ kan. Wọ́n pe ẹbí jọ. Wọ́n gbé Kùráánì sílẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo àgbà tó wà nílé lọ́jọ́ náà gbọ́wọ́ lé e, kó búra pé òun ò bu omi sódà sínú kọ́ọ̀bù, òun ò sì mọ ẹni tó bù ú. Ìyá mi búra. Bàbá mi búra. Wọn kì í fún ọmọdé ní Kùráánì búra, nítorí náà kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Ó kan Àǹtí.

"Mi ò bù ú," ó ní. "Mo fi Ọlọ́run búra, ọwọ́ mi kọ́."

"Èkejì ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní. "Búra pé o ò mọ ẹni tó bù ú."

Àǹtí wolẹ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Àǹtí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí tí mo búra yẹn tó." Wọ́n bá pariwo. Ẹni tí kò lè búra, kí ló tún kù?

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo mú bílẹ́ńdà náà lọ́wọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún gbẹ ni. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń wá, ẹnu mi ló wà. Pàṣán ìyá mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, pàṣán! Nítorí ẹgba mẹ́fà, mo jẹ́ kí wọ́n lé èèyàn jáde nílé ọkọ.

Bàbá mi kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àǹtí di ẹrù rẹ̀. Ó fọwọ́ pa àbúrò mi lórí, ó sì sọ fún mi pé kí n má gbàgbé láti máa kà á dé ọgbọ̀n. Kò tíì dé títì tí ìyá mi fi já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní ohun tí ọwọ́ obìnrin yẹn kàn ò ní wọ ọ̀fun ọmọ òun mọ́. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò aró. Mo dúró, mò ń wo ìfófò tó bò ó mọ́lẹ̀.

A bá padà sídìí ọlọ. Bàbá mi ní òun máa ra òmíràn bí inú ìyá mi bá ti rọ̀. Inú ìyá mi ò tètè rọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò ń rọ̀, èmi ni mo lọ ẹ̀wà. Mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èèpo kan ṣì kù níbẹ̀. Kí àwọn bàbá tó ti mọ́ṣáláṣí dé, àbúrò mi ti kú lẹ́sẹ̀ ìyá mi.

Ìyá mi fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣépè fún obìnrin Ọ̀fàdà. Bó bá ti ń ṣépè, èmi á máa ṣe àmín.

Ìgbà tí a sin ìyá mi tán ni mo tó gba ọ̀nà Ọ̀fàdà. Mo ti bí gbogbo yín tán nígbà náà. Mo bá Àǹtí níbi tó ti ń fi atẹ fẹ́ ìrẹsì. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ta ló fẹ́ fẹ́ obìnrin tí wọ́n ní ó fún ọmọ orogún ní májèlé? Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí." Ó mọ̀ mí, àmọ́ kò pè mí ní Eyínfúnjowó. Mo sọ fún un pé èmi ni mo bu omi sódà sínú kọ́ọ̀bù. Ó ń fẹ́ ìrẹsì rẹ̀ lọ.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ojú fèrèsé ni mo wà, mo rí ọ. Mò ń bọ̀ wá gbé kọ́ọ̀bù yẹn kúrò ni ọmọ fi ṣáájú mi débẹ̀."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ, Àǹtí?"

"Ọmọdé ni ọ́. Ìyá rẹ ì bá lù ọ́ pa lọ́jọ́ náà. Mo ní kí n dákẹ́, ó máa rọlẹ̀. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n fi Kùráánì búra pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Ṣé kí n búra èké ni?"

Mo bú sẹ́kún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó foríjì mí. Ó gbé atẹ sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó wò mí lójú.

"Ọmọ tó bù ú yẹn, mi ò bínú sí i rí," ó ní. "Ìwọ àgbàlagbà tó wá bá mi ní kọ̀rọ̀ ni mò ń bínú sí. Ṣé o ti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé yín?"

Mo ní rárá.

"Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́ lójú wọn, kí o padà wá. Ìgbà yẹn ni mo máa dá ọ lóhùn."

Ó tún gbé atẹ rẹ̀. Mo dìde, mo wọkọ̀ padà sílé. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ pé tí ọdún bá yí po màá sọ ọ́, ojú sì ń tì mí lọ́dọọdún.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Òótọ́ ni. Bílẹ́ńdà ti wọ gbogbo ilé, ọlọ ìyá mi ni ẹ fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má tì í. Síbẹ̀ mo kọjá níbi tí wọ́n ti ń rẹ aró lọ́sẹ̀ tó lọ, mo rí omi sódà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ kan ń rákòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo bú wọn, wọ́n ní kí màmá má bínú. Láyé tiwa, àwọn àgbà a máa kó ara wọn jọ láti wá òótọ́, bí wọn ò tiẹ̀ wá a síbi tó wà. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ń jókòó pọ̀ mọ́, àfi bí mo bá pè yín báyìí.

Àǹtí kú lọ́dún tó kọjá. Ìwọ, gbé bílẹ́ńdà rẹ, lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ irin. Kí gbogbo yín sì lọ sọ ọ́ fún àwọn tó kù nínú ẹbí: obìnrin Ọ̀fàdà ò fún ẹnikẹ́ni ní májèlé, èmi ni. Mo ti sọ ọ́ lójú yín wàyí. Ó ní kí n padà wá bí mo bá ti sọ ọ́. Ta ni mo fẹ́ padà lọ bá?