Wọ́n Ní Àwọn Fẹ́ Dín Gáàsì Kù

Ìlú tí kò rí iná mànàmáná lò dáadáa ni wọ́n wá bi léèrè bóyá mọ́tò oníná wù ú. Ẹ má rò pé àsọdùn ni o. Ojú mi ló ṣe, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀mù-Àrán, mo sì jókòó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí wọ́n sanwó fún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé mi débẹ̀. Gàrí ló ń yan. Iṣẹ́ náà ló fi tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, òun náà ló fi rán èmi àbúrò ẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òrò títí mo fi di tíṣà. Ṣùgbọ́n èéfín igi ti wọ̀ ọ́ láyà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, gbogbo ilé á máa retí ìgbà tó máa mí. Dókítà ní kó jìnnà sí èéfín. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣé dókítà ló máa wá bá a yan gàrí?

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀ wá bi ará ìlú pé, nínú àwọn ẹ̀rọ tí yóò dín ohun tó ń mú ayé gbóná kù, èwo ni kí àwọn kọ́kọ́ mú, tí mo sì gbọ́ pé ààrò tuntun wà lára wọn, èyí tó ní páìpù tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé, mo ní Ọlọ́run ti dá wa lóhùn. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ ṣáà nawọ́ sókè fún ààrò yẹn. Ẹ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ yín dání." Ó ní òun ti gbọ́.

Àwọn àlejò dé láti Àbújá pẹ̀lú jíìpù rẹpẹtẹ. Àwọn awakọ̀ wọn ò pa ẹ́ńjìnnì títí ìpàdé fi parí. Kí ayé gbóná, kò burú. Kí inú jíìpù ọ̀gá má ṣáà ti gbóná. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé, ó ń tú èéfín dúdú sórí igi ọsàn ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè ráyè fi àwòrán hàn wá lára ògiri nípa bí èéfín ṣe ń ba ayé jẹ́.

Ọmọ Yorùbá ni ògbufọ̀ wọn, àmọ́ ó jọ pé ó ti pẹ́ tó ti bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ọ̀gá wọn sọ tiẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ gba maikirofóònù, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, a fẹ́ dín gáàsì ilé aláwọ̀ ewé kù."

Gbogbo ojú yí sí ìjókòó iwájú. Ilé aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò yẹn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ín, ìjókòó iwájú ló sì wà. Bàbá fò dìde. "Ilé tèmi kẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé gáàsì ń jò nílé mi?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jókòó. Afẹ́fẹ́ búburú tó ń bá èéfín jáde, tó ń mú ayé gbóná, tí òyìnbó ń pè ní "greenhouse gas", ni ọ̀gá ń sọ. Kò kan gáàsì ìdáná ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ rò pé kí òun mú un rọrùn. Ó ní, "Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé. Gáàsì ló ti pọ̀ jù. A fẹ́ dín in kù ni."

Yéè! Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Ìyá kan pariwo látẹ̀yìn, "Ó pọ̀ jù níbo? Èyí tá ò rówó rà? Owó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dín kù!" Àtẹ́wọ́ sọ. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tó bá ti ń dín gáàsì kù, ọ̀tá ìlú ni. A ní ká jẹ èkuru kó tán, ògbufọ̀ tún ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sínú àwo: ó gbé àwòrán ààrò jáde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, eléyìí máa dín gáàsì kù gan-an ni."

Mo nawọ́ kí n lè la ọ̀rọ̀ yé wọn. Wọ́n ní àkókò ìbéèrè ń bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀ títí di òní.

Bí ìdìbò ṣe lọ nìyí. Wọ́n pe sólà, àwọn èèyàn rántí sólà tí wọ́n fi ń fa omi ẹ̀rọ àdúgbò, tó ti kú, wọ́n kùn. Wọ́n pe ààrò, ọwọ́ tó dìde ò ju tèmi àti ti ìyàwó pásítọ̀ lọ. Wọ́n wá gbé mọ́tò oníná jáde, pupa fòò, ó ń dán. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ó ti máa fi iná sí i? Àfi ká máa wà á lọ sí Ganmo lẹ́bàá Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń pín iná kiri. Ká tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, iná inú ẹ̀ á ti tán, a ó wá jọ máa tì í. Mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ òun náà wà lókè gbọọrọ, fún mọ́tò.

Inú bí mi débi pé mi ò jẹ mítípáì wọn. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní ohùn aráàlú ti dún ketekete, òun á gbé e lọ sí Àbújá.

Bá a ṣe ń rìn bọ̀ wálé, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà? Ṣé gáàsì ìdáná lẹ rò pé wọ́n fẹ́ dín kù ni?"

"Rárá o. Ṣebí o ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nílé."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi dìbò fún mọ́tò?"

Ó dúró, ó di ògiri ilé kan mú, ó ń wá èémí tó máa fi sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ààrò yẹn dáa. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ló tọ́ sí. Èéfín tèmi ti wà nínú àyà. Lálẹ́ ọjọ́ tí èémí mi bá kọ̀ tí ò délẹ̀ mọ́, tí kò sí bẹntiróòlù nílùú, kí lẹ máa fi gbé mi dé ọsíbítù ní Ìlọrin?"

Mo rántí ẹ̀fẹ̀ tí mo rò nínú gbọ̀ngàn, pé iná inú mọ́tò náà á ti tán ká tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ̀rù bà mí.