Láti Ọ̀tún Ni Wọ́n Ti Ń Kà Á

Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìhà Vridi, tó gbé òórùn kòkó yíyan kọjá omi ọ̀sà wá sí Treichville, àdúgbò wa ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ojú kan náà ni ọkàn mi máa ń sáré lọ: àgbàlá ilé bàbá mi, níbi tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, lábẹ́ páànù tí wọ́n nà síwájú yàrá wa nítorí oòrùn. Òórùn náà korò díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀, bí ọbẹ̀ tó ń fẹ́ jóná ṣùgbọ́n tí kò tíì jóná. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lórí ẹní fún bí oṣù méjì, pẹ̀lú ọmọ tuntun lórí ẹsẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, tí mo gbà pé ayé mi ti parí. Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ bí ọdún méjìdínlógún ṣe máa ń rí lára ẹni.

Kíláàsì Première, tó ṣáájú kíláàsì àṣejáde, ni mo wà ní lycée, ilé-ìwé girama wa, nígbà tí oyún náà yọ. Ẹni tó fún mi lóyún ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìlú Bouaké, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àyè níbí. Bàbá mi, tó ń ta ìṣó, àgádágodo àti irin ilẹ̀kùn ní ọjà Treichville, kò lù mí, kò sì lé mi. Ó kàn dẹ́kun bíbá mi sọ̀rọ̀ ni. Bí ó bá fẹ́ omi, tí èmi gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ìyàwó rẹ̀ ni yóò pè: "Sọ fún un kó bu omi fún mi." Ìyàwó rẹ̀ yóò yíjú sí mi, yóò ní, "Bàbá ẹ ń fẹ́ omi," bí ẹni pé òkè òkun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Oṣù méje ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò pé ìbá sàn kó lù mí.

Ìyàwó rẹ̀ yìí kì í ṣe ìyá mi. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá mi sì lọ fẹ́ òun wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí pé mo ti wà nínú ilé kó tó dé, kò pe orúkọ mi rí. Bí ìyàwó ilé ṣe máa ń ṣe, ó fún mi ní orúkọ tirẹ̀, Eyínfúnjowó. Èmi ń pè é ní Àǹtí. Ọdún méjìlá ni a fi gbé pọ̀ bí ẹni méjì tó wọ ọkọ̀ kan náà: a ń kí ara wa, a ń sún fún ara wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò nà mí rí. Ṣùgbọ́n o mọ àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa nílé, o sì mọ àwọn ìtàn tí wọ́n ń kà fún wa ní ilé-ìwé Faransé. Kò sí ibi tí ìyàwó bàbá ti jẹ́ ènìyàn nínú méjèèjì. Láti ọdún méjìlá ni mo ti ń retí ìkà rẹ̀, bí ẹni tó rí òjò tó ṣú tí kò rọ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí n padà sí ilé-ìwé nígbà tí wọ́n bá wọlé, kí n ṣe BAC mi, ìdánwò àṣejáde. N kò lè là á sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ fún mi pé ó ṣì lè ṣẹlẹ̀ ni aṣọ ilé-ìwé mi, síkẹ́ẹ̀tì búlúù àti bùláòsì funfun, tó ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri. Àràárọ̀ ni mo máa ń wò ó. Lọ́jọ́ kan mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí mo dé, ìṣó nìkan ló kù.

"Àǹtí, aṣọ mi tó wà níbí dà?"

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Mo ti kó o kúrò níbẹ̀."

N kò bi í mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Òun náà nawọ́ sábẹ́ àga, ó fa ìwé kan yọ. "Mo rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé sílẹ̀ ní Adjamé. Àwòrán pọ̀ nínú ẹ̀. Máa fi tura, Eyínfúnjowó." Mo gbà á bí ẹni tó ń gba omi lọ́wọ́ ẹni tó fọ́ ìkòkò rẹ̀.

Mángà ni, ọ̀kan nínú àwọn ìwé aláwòrán ará Japan tí wọ́n ti tú sí Faransé, tí àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa máa ń jà lé lórí. Èmi kò ṣí ọ̀kan rí. Èèpo rẹ̀ ti ya níwájú àti lẹ́yìn, ojú ewé rẹ̀ kò ní nọ́ńbà, ó sì ń rùn bí àpò tí òjò pa. Ìtàn ọmọ ìdí eérú ni wọ́n tún sọ nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ti gbọ́: ọmọ aláìníyàá, ìyàwó bàbá, ijó ní ààfin, bàtà. Mo ṣí i bí mo ṣe ń ṣí gbogbo ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì.

Mo sì bá ìtàn tí n kò gbọ́ rí pàdé. Inú ilé ńlá ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ wà, ó wọ aṣọ tó ń tàn. Lẹ́yìn náà ó ti kúrò níbẹ̀, ó ti dé ojú ọ̀nà, obìnrin kan tó fi ìbòjú bojú sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú àwòrán kan, bàtà wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Aṣọ wà lọ́rùn ọmọ. Aṣọ ti wà ní apá obìnrin. Báyìí títí ọmọ fi jókòó sídìí eérú nínú àkísà. Obìnrin náà wá ṣí ìbòjú, ta ni mo rí? Ìyàwó bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò bára mu, ìdáhùn ń ṣáájú ìbéèrè, mo sì rò pé bí àwọn ará Japan ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ìyá ọmọ náà tó ti kú wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ là, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìwé náà lọ́sẹ̀ yẹn nítorí ojú ewé yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, bàbá mi ti dé láti mọ́sáláṣí, ó jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kéwú rẹ̀. Àǹtí ń sá aṣọ ọmọ mi sórí okùn. Èmi ń fi ìtàn náà rẹ ọmọ, mo sì gbé ohùn sókè díẹ̀. Ó yé mi ohun tí mo ń ṣe.

"Obìnrin náà wá bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ó bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹ̀, aṣọ tó fi ń jáde láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ o. Ó kó o lọ."

"Ìkà ni," Àǹtí wí. "Irú wọn pọ̀."

"Wọ́n pọ̀ gan-an. Wọn kì í sì í jìnnà síni."

Ó gbọn ìlédìí kan, ó fi kọ́. "Níbo ló wá kó aṣọ náà lọ?"

"Ìwé ò sọ."

"Ìwé burúkú nìyẹn. Kéèyàn kó aṣọ aláṣọ, kó má sọ ibi tó kó o sí." Ó mú ìlédìí mìíràn, ó tún gbé e sílẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ta létí.

Ìgbà náà ni bàbá mi nawọ́ sí ìwé náà. Kò lè ka Faransé ju nọ́ńbà àti orúkọ ọjà lọ, ṣùgbọ́n ó wò ó títí, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Ta ló kọ́ ẹ pé ibí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Mo rò pé Àǹtí ló ń bá wí. Àǹtí náà, nítorí ó ti mọ́ ọn lára, yíjú sí mi: "Bàbá ẹ ní ta ló..."

"Mo ti gbọ́," mo ní.

Bàbá mi fi ìka lé àwòrán kan. "Wo àwo yìí. Níbí, ó ti fọ́ sílẹ̀. Níbí, ó ń já bọ́. Níbí, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ láìfọ́. Àwo wo ló máa ń fọ́ kó tó bọ́?" Ó gbé ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ di iwájú. "Láti ọ̀tún, bíi kéwú. Pẹ̀lú gbogbo ilé-ìwé tó o lọ yìí." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó gbé ìwé tirẹ̀, ó fi ìka kan kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì padà sídìí ohun tó ń kà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ìyá náà rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀, ó sì kú. Ìyàwó bàbá dé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ náà kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo oúnjẹ tó gbé fún un ló fi ọwọ́ gbá sílẹ̀ tó fọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ijó dé, obìnrin náà tú aṣọ ìgbéyàwó ara rẹ̀, ó tún un rán ní ìwọ̀n ọmọ, ó fi ìbòjú bojú kí ọmọ má baà mọ̀ ọ́n kó sì kọ̀ ọ́, ó wọ aṣọ fún un, ó wọ bàtà fún un, ó rán an jáde. Àwọn àwòrán kan náà ni. Kò sí ìlà kan tó yí padà. Ọwọ́ tí mo rí tó ń bọ́ aṣọ, aṣọ ló ń wọ̀ fún ọmọ.

Mo gbójú sókè. Okùn aṣọ ti kún fún ìlédìí ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, n kò tíì fọ ẹyọ kan.

"Àǹtí, aṣọ ilé-ìwé mi... ibo lẹ kó o sí?"

"Ó wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ìbàdí tó o gbé bímọ yìí, ṣé inú síkẹ́ẹ̀tì ìjọ́sí lo fẹ́ kì í bọ̀? Àyà ńkọ́? Mo ní kó tú u dáadáa, kó fi àyè sílẹ̀. Bàbá ẹ ti lọ forúkọ ẹ sílẹ̀. Èmi ni màá máa di ọmọ mú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Òun ló ní kí n má tíì sọ. Ojú ń tì í." Ó wo ẹ̀yìn bàbá mi, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ìwọ náà ńkọ́? Ìgbà tó o bi mí, o ti bínú tán kí n tó dáhùn."

Kí ilé-ìwé tó wọlé, mo ka ìwé náà fún un látòkèdélẹ̀ ní Yorùbá, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Obìnrin yẹn, ṣé ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀?"

Mo tún ìwé náà tú, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn. "Rárá. Ọmọ náà ò mọ̀ pé òun ni."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti yà á ni."

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun." Ó ní, "Dìde, o máa jí ọmọ."

Mo ṣe BAC náà. Ọmọ mi ti ń ka ìwé fúnra rẹ̀ báyìí, òun ló sì jogún mángà náà pẹ̀lú ara rẹ̀ tó ti ya. Títí dòní, Àǹtí ni mo ń pè é. Bí mo bá pè é ní ìyá mi, irọ́ ni, òun náà kò sì béèrè rẹ̀. Nígbà mìíràn mo ṣì máa ń ṣí ìwé náà láti òsì ní ìkọ̀kọ̀, kí n lè rí ìyá yẹn tó la ojú. Ṣùgbọ́n n kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá kà á bó ṣe yẹ, ojú ewé àkọ́kọ́ ni ìyá ti ń lọ. Ìyókù ìwé, ti ẹni tó dúró ni.