Àwáàlù tó ń lu gínì

Ilé oníṣòwò ni wọ́n bí Àwáàlù sí ní Bouaké, ní Ivory Coast, òwò ò sì gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ru ẹrù lórí ni bàbá rẹ̀, Alhájì Màmúdù, nígbà tó ti Gánà dé lọ́dún 1969. Ó tà títí ó fi ní ìsọ̀ ẹ̀yà alùpùpù tirẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù mọ òwò bí ẹja ṣe mọ omi. Ti Àwáàlù, àbíkẹ́yìn, yàtọ̀: òǹkà a máa yọ́ lórí rẹ̀ bí òrí tí a gbé sóòrùn. Kì í ṣe òmùgọ̀. Bí oníbàárà bá ti béèrè ṣẹ́ńjì ni ojú rẹ̀ á ṣú, èyí tó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò fún un.

"Anago wo ló ń sá fún ṣẹ́ńjì?" Lùkmọ́nù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́; Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. "Bí àwọn Baoulé onílẹ̀ bá gbọ́, wọ́n á ní wọ́n pààrọ̀ ẹ nílé ìgbẹ̀bí ni."

Wọ́n wáṣẹ́ fún un. Wọ́n rán an lọ sí Béoumi kó máa bá àbúrò bàbá rẹ̀ ṣòwò ẹja yíyan. Ó rà á ní ọ̀wọ́n, ó tà á ní ọ̀pọ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní àdúgbò Belleville. Nọ́ńbà ló kún ara téèpù. Ṣòkòtò àkọ́kọ́ tó gé, ẹsẹ̀ kan dé ọrùn ẹsẹ̀, èkejì dúró lórúnkún.

"Iṣẹ́ wo ló wá kù?" Alhájì bi í. "Alágbe gan-an ń ka owó ẹ̀."

Àwáàlù fúnra rẹ̀ ló rí èyí tó kù. Ẹ̀yìn ilé télọ̀ náà ni àtíbàbà Issa wà, ọkùnrin Dioula kan tó ń lu gínì, aṣọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní básán. Èèyàn méjì á jókòó kojú síra, aṣọ tí wọ́n ti pa láró tí wọ́n sì ti fi sítáàṣì sí á wà lórí ìtì igi láàárín wọn. Kùmọ̀ kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ wálẹ̀, títí aṣọ á fi dán bíi dígí.

"O mọ ìṣirò?" Issa bi í.

"N ò mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Ẹni tó bá ń ka ìlù á pẹ́ gbé ọwọ́ kúrò, kùmọ̀ ẹnì kejì á sì fọ́ ọ níka. Anago, jókòó."

Ó jókòó. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀ báyìí, ìka rẹ̀ sì pé. Àwọn obìnrin ń ti ìlú Marabadiassa wá, wọ́n á ní Anago ni kó lu tàwọn. Alhájì kì í gba àdúgbò yẹn kọjá. Bí wọ́n bá bi í ní mọ́ṣáláṣí pé àbíkẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́, á ní, "Ó wà láyé."

Ohun kan ṣoṣo ni Àwáàlù ń fẹ́: kí bàbá òun rí iṣẹ́ náà, kó pè é ní iṣẹ́.

Ní èṣí, bí àwẹ̀ ṣe ń parí lọ, Sèfíyátù, ìyá rẹ̀, yọ́ gbé gínì funfun kan wá. "Ti bàbá rẹ ni. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo gbé e wá." Issa fúnra rẹ̀ ló jókòó kojú Àwáàlù. Wọ́n lù ú títí oòrùn fi wọ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, aṣọ náà ń kọ mànà. Alhájì ń na èjìká láàárín àlejò.

"Ta ló lu èyí?" Lèmọ́ọ̀mù béèrè.

"Ẹni yòówù kó jẹ́," Alhájì ní, "ó mọṣẹ́."

Àwáàlù dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, èmi ni."

Lùkmọ́nù wolẹ̀. Alhájì wo ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ta epo sí láṣọ. Ó wọ yàrá lọ, aṣọ àná ló wọ̀ jáde.

"Dìde," ó ní. "Oúnjẹ ń tutù."

Lọ́dún yìí, Àwáàlù retí kí ìyá rẹ̀ tún gbé aṣọ bàbá rẹ̀ wá. Aṣọ náà ò dé. Ní yídì ló ti rí bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nínú gínì tuntun, tó ń na èjìká bíi ti èṣí. Aṣọ ọ̀hún kò dán. Ó hunjọ léjìká, ojú kùmọ̀ sì hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀. Àwáàlù wò ó. Ó mọ̀ pé ẹni tó lù ú ń ka ìlù ni.