Orúkọ Ọmọ Mi Tí Mo Wá Tì

Ẹfun ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbàgbé ohun tí wọ́n ń pè é. Níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì ní Porto-Novo ni, lọ́dún tí àwọn ológun gbàjọba. Orí ti ń fọ́ mi láti àárọ̀, ọrùn mi le bí igi, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì ń gún mi lójú. Mo fẹ́ ní kí wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ẹ̀rù bà mí.

Ní ilé ìwòsàn, èmi àti ọkọ mi pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń wúkọ́ àti àwọn aboyún. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní kí n ká ara mi jọ bí ọmọ inú oyún, wọ́n sì gún abẹ́rẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn mi láti fa omi díẹ̀ jáde. N kò ní purọ́ fún yín: ó dùn mí wọ egungun, mo sì pariwo. Omi yẹn ló fi hàn pé menenjíìtì ni, àìsàn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú. Bí ọrùn yín bá le pẹ̀lú ibà, ẹ má jókòó ti àgbo nílé. Ẹ sáré lọ.

Nígbà tí ibà lọ, dókítà, ọkùnrin òkèèrè tí kò gbọ́ ju Faransé lọ, wá dán ọpọlọ mi wò. Ó bi mí ta ló ń ṣèjọba. Mo ní àwọn àgbà mẹ́ta tí ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Nọ́ọ̀sì sáré ti fèrèsé kí ará ìta má baà gbọ́. Àwọn ológun ti lé wọn, ṣùgbọ́n ìròyìn náà ti bọ́ lórí mi. Dókítà wá nawọ́ sí àbúrò ọkọ mi obìnrin, ó ní kí n sọ orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Eyínmẹ́nugún." Ó bi obìnrin náà bóyá orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní rárá. Ó mọ̀ dáadáa pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, pé orúkọ tí mo sọ ọ́ nígbà tí mo wọlé wọn ni mo pè. Síbẹ̀, rárá ló sọ, dókítà sì kéde pé mo ti dàrú.

Ìjà dé nìyẹn. Eyínmẹ́nugún ní ọmọbìnrin mi kékeré kò lè wà lọ́dọ̀ ìyá tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì; òun yóò mú un lọ sílé òun ní Sèmè-Kpodji. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n n kò rí orúkọ rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, obìnrin ẹ̀yà Gun tó gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa.

"Màdáámù, kò sọnù," ó ní. "Ọ̀nà ibẹ̀ ló dí. Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà."

Ó ṣàlàyé pé ìrántí kì í ṣe àpótí kan ṣoṣo. Ohun tuntun á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Oorun àti àtúnsọ ló ń mú un wọlé. Ìdí nìyẹn tí àìsàn fi gbá ìròyìn àìpẹ́ dànù, tó sì fi ti ìgbà èwe sílẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ ní yàrá tirẹ̀, ojú ní tirẹ̀, orúkọ ní tirẹ̀.

Ọjọ́ tí mo padà sílé, Eyínmẹ́nugún ti di ẹrù ọmọ.

"Ìyàwó wa, ẹ pe orúkọ ẹ̀, kí n tú ẹrù."

Mo wá orúkọ náà títí òógùn fi bò mí. Kò wá. Inú bí mi.

"N ò rí i," mo ní. "Ẹ gbọ́ ná. Kì í jẹ ilá. Bó bá fẹ́ sùn, etí mi ló ń dì mú. Bí mo bá ń dirun fún un, kì í fẹ́ kí n fọwọ́ kan ìpàkọ́. Ẹ̀yin mọ orúkọ ẹ̀, kí lẹ tún mọ̀? Èmi ò pe orúkọ tiyín rí látìgbà tí mo ti wọlé yín. Ṣé mi ò mọ̀ yín ni?"

Ó wolẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ó tó. Tú ẹrù."

Bí wọ́n bá pe orúkọ náà létí mi, kì í pẹ́ tó fi ń bọ́ lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ń jọ ìyẹ̀fun àgbàdo, orúkọ náà bọ́ sí mi lẹ́nu láìjẹ́ pé mo wá a. Fọláṣadé! Mo pariwo rẹ̀ yí ilé ká títí ó fi dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, "Màmá, mo ti gbọ́!"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí. Orí ṣì ń fọ́ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn ẹlòmíràn ṣì ń sá fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu mi kùnà, ojú àti ọwọ́ mi kò kùnà. Bó bá ṣe ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pín ilé yín kí ẹ tó jí tán.